Èmi Ni Mo Ka Ẹ̀ta

                                        Ojúlé Kọkànlá, Òpópónà Adéjùmọ̀,
                                        Ṣógúnlé, Òṣòdì,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, 2025.

Mísbáù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni nǹkan? Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti ń gbé ọ dáadáa? Afẹ́fẹ́ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ńkọ́, ṣé kì í ṣe pé ó ti sọ ọ́ di apẹja? Oúnjẹ họ́sítẹ́ẹ̀lì yín ńkọ́, àbí ẹ̀wà tí kòkòrò inú rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀wà lọ ni wọ́n ṣì ń bù fún yín? Ó kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọjọ́ mẹ́ta náà ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹlẹ́wọ̀n, bẹ́ẹ̀ ìwọ ni wọ́n tì mọ́ inú ọgbà, kì í ṣe èmi.

Nílé níbí, àlàáfíà la wà. Bàbá mi ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò bíi pé ìṣirò ni wọ́n máa bi wá ní ẹnu ọ̀nà ọ̀run. Ìyá mi ní kí n kí ọ dáadáa. Ìyá mi àgbà ti dé láti Ìkọ̀lé-Èkìtì, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọn kì í béèrè ọmọ Mùsùlùmí tó máa ń jẹ iyán wọn tán. Àwọn ẹ̀fọn àdúgbò wa tún ti sanra sí i. Ọ̀kan gbé mi lọ́jọ́ Tusidé, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo di bẹ́ẹ̀dì mú, Apakun ni wọn ìbá ti wá mi lọ.

Ìyá rẹ ló mú lẹ́tà yìí wá fún ọ pẹ̀lú gàrí àti kúlíkúlì, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn ò ní ṣí i. Jọ̀ọ́, má kà á níwájú wọn. Wá ìdí igi kan jókòó sí, ṣùgbọ́n kà á tán kí wọ́n tó padà o, torí ìdáhùn ni mo ń wá. Ìròyìn inú rẹ̀ jẹ́ méjì. Èyí tó dùn ni mo máa fi ṣáájú. O mọ̀ mí, mi kì í fi ibi tó korò bẹ̀rẹ̀.

A ti dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀! Orin rọ́ọ̀kì ni, kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń kọ ládùúgbò. Kẹ́milọ́lá ló kó o bá wa. O mọ Kẹ́milọ́lá tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó máa ń wolẹ̀ rìn bí ìyàwó tuntun. Wọ́n ní kó wá dán ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ tuntun wò lọ́jọ́ kan, ló bá yí i dé òpin, ló fa okùn gìtá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mísbáù, ohùn tó jáde níbẹ̀, irú rẹ̀ ò sí nínú ìwé orin kankan. Ó ń han, ó ń gbó, ó ń sunkún, bí páànù òrùlé tí ìjì ń ya. Bàbá tó ń gbálẹ̀ ju ìgbálẹ̀ nù, wọ́n sá jáde, wọ́n rò pé Olúwa ti dé nígbà tí àwọn ò tíì pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n lé Kẹ́milọ́lá jáde, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ní irú orin tí òun fẹ́ nìyẹn, orin tó lágídí.

Hàkímù tó ń kọ́ṣẹ́ pánẹ́bítà ni onílù wa. Ẹ̀yin méjèèjì jọ máa ń kírun Jímọ̀, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìwà rẹ̀ fún ọ. A ò ní ìlù, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ní Apakun kún fún mọ́gáàdì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí ibẹ̀ bá dá, á to gbogbo wọn kalẹ̀, á sì máa lù ú. Ó ní bọ́nẹ́ẹ̀tì Pijó àtijọ́ ló dùn jù, pé ti àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí fẹ́lẹ́ bíi bébà. Tó bá lu Pijó yẹn báyìí, eyín ìsàlẹ̀ rẹ á máa kí ti òkè.

Èmi wá ni mo ń kọrin. Má rẹ́rìn-ín. Kẹ́milọ́lá ní ohùn mi dà bíi ti ẹni tí wọ́n jí gbé tó sì ń jẹ̀gbádùn ibẹ̀, pé ohun tí rọ́ọ̀kì ń wá gan-an nìyẹn.

Kẹ́milọ́lá náà ló mú ohun tí a máa kọrin lé lórí wá. Ó ní gbogbo ohun tí àwọn àgbà ń sọ fún wa ni "rọra," "fara balẹ̀," "má dán an wò." Ó ní kí àwa kọrin ẹni tó dán an wò, ẹni tó fi ara rẹ̀ wewu. Ó wá bi wá léèrè ohun tí kálukú wa ti fi ara wewu ṣe rí. Hàkímù ní òun ti wa ọkọ̀ oníbàárà ọ̀gá òun dé Ìsọlọ̀ òun sì dá a padà kí wọ́n tó jí lójú oorun ọ̀sán. Kẹ́milọ́lá ní ẹ̀kọ́ orin ni òun kọ sínú fọ́ọ̀mù yunifásítì, bẹ́ẹ̀ bàbá òun ti ń pe òun ní lọ́yà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ni àwọn méjèèjì bá kọjú sí mi.

Ẹnu mi yìí, o mọ̀ ọ́n. Mo ní èmi ti bẹ́ sílẹ̀ láti orí dẹ́kìn ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán lẹ́yìn ilé yín. Mo ní orí yanrìn ni mo balẹ̀ sí, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ológbò. Mo ní ìwọ lo tẹ̀lé mi bẹ́ tí o ò mọ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀. Hàkímù pariwo, ó fi òòlù lu Pijó. Kẹ́milọ́lá ní, "Ẹ gbọ́, a ti rí orin." Bí a ṣe mú irọ́ mi ṣe orin nìyẹn. Bó ṣe lọ nìyí:

    Mo gun òkè, mo wo ìsàlẹ̀,
    Ẹ̀rù wò mí, ó yẹ̀ fún mi.
    Ení, èjì, ẹ̀ta, mo bẹ́!
    Ilẹ̀ ló bẹ̀rù mi.

Ó dùn, mi ò ní tàn ọ́. Nígbà tí a bá dé "mo bẹ́" yẹn, gìtá á han, Pijó á dáhùn, àwọn ewúrẹ́ Apakun á kó ọmọ wọn kúrò nílẹ̀.

Bọ̀dá Fákúnlé ló bá wa gbà á sílẹ̀. Àjàó Estate ni wọ́n ń gbé, yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ni sítúdíò wọn. Wọ́n ti lẹ páálí ẹyin mọ́ gbogbo ògiri àti àjà kí ariwo má bàa wọlé, o máa rò pé adìyẹ ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ló yé síbẹ̀. Orin ṣọ́ọ̀ṣì àti ìpolówó ọjà orí rédíò ni iṣẹ́ wọn. Hàkímù bá wọn na ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn tó tẹ̀, ni wọ́n bá fi àárọ̀ Sátidé méjì san oore náà fún wa. Ṣùgbọ́n pápákọ̀ òfurufú wà nítòsí, kò sì sí páálí ẹyin tó lè dá bàálù dúró. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan, Bọ̀dá Fákúnlé á ti gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa á di ère. Bàálù á rọ́ kọjá lórí wa. Wọ́n á ní, "Ó ti balẹ̀. Ó yá." Mo ka ẹgbẹ̀ta bàálù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó dáa, mẹ́tàdínlógún ni.

Sátidé àkọ́kọ́ la fi gba gìtá àti Pijó. (Bẹ́ẹ̀ ni, a gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ sí Àjàó lórí kẹ̀kẹ́ Máruwá. Awakọ̀ náà bi wá bóyá ọkọ̀ tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn.) Sátidé tó kọjá ló wá kan ohùn tèmi. Mo dúró níwájú máìkì, mo pa ojú dé, mo han án dé ibi "mo bẹ́," ni Bọ̀dá Fákúnlé bá gbé ọwọ́ sókè. Mo dúró de bàálù. Kò sí bàálù.

"Bọ̀wálé," ni wọ́n wí, "nígbà tó o balẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ló dùn ọ́?"

Mo ní, "Kò sí nǹkankan tó dùn mí, sà. Yanrìn ni."

"Yanrìn náà, ṣé ó tutù ni, àbí ó gbóná?"

Mísbáù, mi ò mọ̀. Irọ́ mi yẹn ní òrùlé, ó ní fèrèsé, mo tiẹ̀ ti fi kọ́tìnì sí i, ṣùgbọ́n mi ò rántí ṣe ilẹ̀ fún un. Bọ̀dá Fákúnlé ò bínú. Wọ́n kàn ní láti ọdún mọ́kànlá tí àwọn ti ń gba ohùn sílẹ̀, àwọn ti mọ ohùn ẹni tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n ròyìn fún.

Ni Hàkímù bá ní, "Ẹ dúró ná, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ìwọ kọ́ lo sọ fún Ìyá Mísbáù pé ìsàlẹ̀ lo wà, tó ò ń pariwo pé kó má bẹ́? Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ìyá mi. Wọ́n tún ń ṣàdúrà fún ọ."

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un pé ohun tí mo sọ fún ìwọ alára tún yàtọ̀ sí méjèèjì, ìyẹn náà bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Kẹ́milọ́lá gbé gìtá rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹni mẹ́ta ló wà nínú Bọ̀wálé kan ṣoṣo," ló wí. "Ọ̀kan bẹ́, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ọ̀kan ń bẹ tí mi ò tíì mọ ibi tó wà. Èwo nínú yín ló fẹ́ kọrin fún wa?"

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa mí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, gbogbo wọn ń wò mí, bàálù kan sì kọjá tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́wọ́ sókè fún.

Ibi tó korò nìyí, Mísbáù. Mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò ní fi iyọ̀ kankan sí i.

A jọ gun orí dẹ́kìn yẹn ni. A jọ gbà pé a máa bẹ́ papọ̀. O di ojú rẹ bí o ti máa ń ṣe, o ní kí n kà. Èmi ni mo ka ení. Èmi ni mo ka èjì. Èmi ni mo ka ẹ̀ta. O bẹ́. Tapólì la rí láti òkè, a rò pé yanrìn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ bíi ti àná, a ò mọ̀ pé àwọn lébìrà ti fi yanrìn yẹn rẹ́ ilé láàárọ̀, pé òkúta ni wọ́n dà síbẹ̀ tí wọ́n fi tapólì kan náà bò. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo sọ fún ọ pé sálúbàtà mi há mọ́ irin tó yọ lára dẹ́kìn, òun ni mi ò ṣe bẹ́. O ò bá mi jiyàn.

Sálúbàtà mi ò há síbì kankan. Ẹ̀rù ló bà mí. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà mí nígbà tí mo kà á tán o. Láti ení ló ti ń bà mí. Mo mọ̀ pé mi ò ní bẹ́, mo sì ń kà á lọ.

Nígbà tí ìyá rẹ sáré dé, mo ní ìsàlẹ̀ ni mo wà, pé mo kìlọ̀ fún ọ títí. O wà nílẹ̀ níbẹ̀, o gbọ́ mi. O kàn wò mí, o sì dákẹ́. Títí wọ́n fi to egungun rẹ tí wọ́n di sìmẹ́ńtì funfun mọ́ ọn, o dákẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ ń sọ pé olóríkunkun ni ọ́, pé ọ̀rẹ́ rere ń kìlọ̀ fún ọ tí o ò gbọ́, pé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti máa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, o tún dákẹ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà, oṣù márùn-ún péré, ó sì ti rẹ òun náà.

Mo jáde sẹ́yìn sítúdíò. Páálí ẹyin kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo yá bírò Bọ̀dá Fákúnlé, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí náà, ìlà kan nínú kòtò ẹyin kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe wà báyìí nìyí:

    Mo gun òkè, mo wo ìsàlẹ̀,
    Ọ̀rẹ́ mi ní, "Bá mi kà."
    Mo ka ení, mo ka èjì,
    Ọ̀rẹ́ mi bẹ́, èmi dúró.
    Bàtà ò há! Bàtà ò há!
    Ẹsẹ̀ mi ni ò gbé!

Nígbà tí mo kọ ọ́ fún wọn láìsí ìlù, Hàkímù ò pariwo. Ó kàn mú òòlù rẹ̀. Kẹ́milọ́lá ní òun ò ní han gìtá níbẹ̀ mọ́, òun á jẹ́ kó máa kùn nísàlẹ̀ títí dé "bàtà ò há," kí gbogbo rẹ̀ tó bú. Mísbáù, nígbà tó bú, mi ò sọ àsọdùn rárá, irun apá mi dìde, kò sì tíì jókòó títí di òní.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Lẹ́yìn "mo ka èjì," ó yẹ kí n pe ẹ̀ta. Bọ̀dá Fákúnlé ní kí n pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà mẹ́rin. Èjì ni mo ń tún pè. Nígbà karùn-ún, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀. Wọ́n wá jẹ́ kí gbogbo nǹkan dákẹ́ síbẹ̀ fún èémí kan, kò sí gìtá, kò sí Pijó, kò sí èmi. Wọ́n ní àlàfo náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ni ín.

Ọ̀rẹ́ Bọ̀dá Fákúnlé kan máa ń gbé orin àwọn ọ̀dọ́ sórí rédíò ní àárọ̀ Sátidé. Ó ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. O mọ Hàkímù, bó ṣe gbọ́ ọ ló ti sọ fún gbogbo Apakun àti ìdajì Ìsọlọ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ rẹ ló wà nínú orin náà, pé tí o ò bá fẹ́, kò ní jáde. Hàkímù kùn. Kẹ́milọ́lá ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ, pé tó o bá ní rárá, òun alára ló máa bá Bọ̀dá Fákúnlé pa á rẹ́. Mo mọ ohun tí ìyẹn ná an, nítorí orin yẹn ni ó fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù bá tú.

Mi ò lè kọ̀wé sí ọ kí n tó lọ bá ìyá rẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń yí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn po bí alágbàṣe tó sọ nǹkan nù. Lọ́jọ́ Tọ́sìdé mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹ̀rọ wọn ń lọ, wọn ò dá a dúró.

Nígbà tí mo tán, wọ́n ní, "Dìde, àyà lo fi ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi yẹn." Wọ́n wá ní, "Ìwọ lo kà á?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

"Mo ti mọ̀ pé ẹnìkan ló kà á. Mísbáù kì í dá bẹ́. Gọ́tà lásán ni, á ti di ojú, á ní, 'Ìyá mi, ẹ bá mi kà.'"

Wọ́n na abẹ́rẹ́ sí mi pé kí n bá àwọn fi òwú bọ̀ ọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún èmi àti ìwọ. Ó gbà mí tó ọdún méjì. Wọ́n dúró, wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tó wọlé tán, wọ́n ní, "Inú ṣì ń bí mi o, má rò pé ó ti tán. Bàbá rẹ̀ ń ti Ìbàdàn bọ̀ lọ́jọ́ Wẹsidé, ìwọ fúnra rẹ lo máa dúró níwájú wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi tàbí bàbá rẹ̀ lo já kulẹ̀ lókè yẹn, Mísbáù ni. Lọ mú bírò. Ọjọ́ Àìkú ni mo ń lọ sí Ẹ̀pẹ́."

Nítorí náà, ní Wẹsidé, màá wà ní pálọ̀ yín. Tó o bá gbọ́ pé bàálù kan ṣàdédé fò láti Ṣógúnlé láìní ìyẹ́, èmi ni o.

Kẹ́milọ́lá àti Hàkímù ní kí n kí ọ. Hàkímù ní àyè rẹ ní mọ́ṣáláṣí ṣì ṣófo, pé òun ń fi kẹ́tù àlùwàlá òun gbà á dè ọ́. Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ wà ní yàrá, àní èyí tó máa ń hanrun.

Mísbáù, mi ò bẹ̀ ọ́ pé kó o gbàgbé. Ohun kan ni mo ń béèrè. Kí ìyá rẹ tó wọ ọkọ̀ padà, tí o bá gbà kí orin náà jáde, sọ "ẹ̀ta" fún wọn. Ọ̀rọ̀ kan yẹn péré, wọ́n á bá mi mú un bọ̀. Tó bá sì di ìsinmi, máìkì Bọ̀dá Fákúnlé ń dúró dè ọ́, wàá pè é síbi àlàfo yẹn fúnra rẹ, pẹ̀lú ojú rẹ ní lílà. Tó o bá dákẹ́, orin náà á dákẹ́ pẹ̀lú rẹ, mi ò sì ní bi ọ́ léèrè. O ti dákẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ lo ni kíkà.

Èmi ṣì ni tìrẹ, bí o bá ṣì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀,

Olúbọ̀wálé,
ẹni tí bàtà rẹ̀ ò há.